Ojú Àǹtí Mi Lára Fẹ́ǹsì

Bí ẹ bá yà sí òpópónà Ọ̀ṣìnúbí ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ẹ ó rí fẹ́ǹsì gígùn kan ní òdìkejì mọ́ṣáláṣí. Àwòrán obìnrin kan wà lára rẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó de fìlà funfun, ó gbé àwo bisikíìtì dání. Àmọ́ kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu.

Àwọn èrò ọ̀nà máa ń rò pé ẹni tó kùn ún kò tíì ṣe é tán ni. Ó ti ṣe é tán rí. Èmi ni mo pa ojú náà rẹ́. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ jí i gbé wá síbẹ̀.

Orúkọ mi ni Basit. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mo ṣe JAMB, kò bọ́ sí i. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá wà láàárín èèyàn, ọwọ́ wọn ni mo máa ń wò, àti bàtà wọn, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnu mì kí wọ́n tó purọ́. Àǹtí mi Ruqoyah máa ń sọ pé, "Ojú Basit ló gba iṣẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣe."

Àǹtí Ruqoyah ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tó ni fẹ́ǹsì yẹn ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti rí owó iléèwé mi. Àwo gbígbóná kan jó o ní àgbọ̀n níbẹ̀. Àpá rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Nígbà tó fẹ́ Bọ̀dá Sirajudeen, tó ń tún fíríìjì ṣe, ó di eléhàá. Ọkọ rẹ̀ kò fi tipá mú un. Ó rò ó fúnra rẹ̀, ó sì bo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkùnrin méjì ló kù tó ń rí i: ọkọ rẹ̀, àti èmi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Ọjọ́ tó ń kó ẹrù lọ sílé ọkọ, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Basit, àwọn fọ́tò mi tó wà lórí fóònù rẹ, pa wọ́n rẹ́."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kí ojú mi máa rìn kiri níbi tí èmi fúnra mi ò sí."

Mo ń pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀, títí wọ́n fi pè é kó wá wo àpótí tó fẹ́ já lórí ọkọ̀. Ó dìde. Ó ku ọ̀kan. Òun nìyẹn lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, "O ti pa wọ́n rẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rò pé ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan kan. Èmi nìkan ni yóò máa wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fẹ́ǹsì náà. Ilé ìtọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Bàbá Ṣóbándé, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ti kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí i lára. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó kọ "Ewúrẹ́ nìkan ló ń tọ̀ síbí." Àwọn èèyàn á dúró kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tọ̀ sí i.

Bàbá bínú nípàdé. Ó ní, "Lẹ́tà ò lójú. Ẹ jẹ́ ká ya èèyàn síbẹ̀, ẹni tí yóò máa wò wọ́n bí wọ́n bá ti ń tú ṣòkòtò."

Inú ilé-iṣẹ́ náà dùn sí i, wọ́n ní àwọn á ra ọ̀dà. Bí Treasure ṣe dé nìyẹn.

Ọmọbìnrin ni Treasure Fọláwẹwọ́, ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán nílé ẹ̀kọ́ gíga. Abẹ́òkúta ló ti wá, kò sì jù mí lọ púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró ní òdìkejì títì tí mò ń wò ó. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ tó o ti ń wòran láti àárọ̀, ṣé owó ìran lo fẹ́ san ni, àbí o máa bá mi di àkàbà mú?"

Mo dì í mú. Mo tún wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó rí àwọn nǹkan tí mo fi ẹfun yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mò ń dúró dè é.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni."

"Ojú ẹ dáa o. Ọ̀pọ̀ tí a jọ jáde ò ní irú ojú yìí."

Láti kékeré mi, ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń yìn mí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí oòrùn tó yọ.

Ara obìnrin náà jáde dáadáa: aṣọ, àwo, apá tó lágbára. Ojú rẹ̀ ni kò jáde. Treasure á yà á, á nù ún nù.

Ó ní, "Ojú inú ìpolówó ni gbogbo èyí. Ojú ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ni mo fẹ́. Ẹni tó rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín."

Mo mọ ojú náà. Ó wà nínú àpò mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò ro nǹkan kan. Mo rò ó títí ọjọ́ fi kan àtàrí. Mo tún mọ ohun mìíràn tí Treasure kò mọ̀. Ní Jímọ́ọ̀, mọ́ṣáláṣí wa máa ń kún, àwọn sàfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun, á yọ sí ilẹ̀ gbalasa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń tẹ́ ẹní níbẹ̀. Ẹni tó bá kírun níbẹ̀, tó kọjú sí gábàsì, fẹ́ǹsì yẹn ni yóò máa wò. Bàbá Ṣóbándé, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Treasure náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ó yà á.

Mo na fóònù sí i.

Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi. "Ta nìyí?"

"Àǹtí mi. Ó ṣiṣẹ́ níbí rí."

"Ṣé ó máa gbà?"

Tírélà kan ń kọjá lọ sí ilé-iṣẹ́ ìsàlẹ̀, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Mo lè sọ pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo dúró kí tírélà náà kọjá tán.

Mo ní, "Ó ti gbà."

"O bi í?"

"Mo bi í."

Ó ní, "Màá yí i padà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n."

Ó sì yí i padà lóòótọ́. Ó fẹ imú díẹ̀, ó fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ya àpá àgbọ̀n rárá. Nígbà tó parí, ó jọ Àǹtí mi, kì í sì í ṣe Àǹtí mi. Ká ní ó dúró bẹ́ẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí kọ̀wé yìí.

Treasure gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ tí ojú ẹ dáa, wò ó. Kí ló kù?"

Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo gun àkàbà. Mo mọ ohun tó kù. Mo po àwọ̀ ilẹ̀ pọ̀ mọ́ pupa díẹ̀, mo sì tẹ oṣù kékeré kan sí àgbọ̀n rẹ̀.

Treasure pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. "Ó ti di èèyàn," ló wí.

Àdúgbò pín sí méjì kí ọ̀dà tó gbẹ.

Hàlímọ̀tù, Ìyá Mùbárákà, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ni olórí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí àwòrán náà ti dé síbẹ̀, òun ti ń mí afẹ́fẹ́ gidi. Ọkùnrin kan wá, ó tú bẹ́líìtì, ó gbójú sókè, ó rí obìnrin náà, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì lọ. Ìyá Mùbárákà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ojú yìí ò ṣàjèjì sí mi o. Basit, ìwọ náà wò ó. Ta ló jọ?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kò rẹ́rìn-ín. Lèmọ́ọ̀mù Àmọ̀dá lọ bá Bàbá Ṣóbándé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Alága, iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n tí a bá forí kanlẹ̀, tí a gbórí sókè, obìnrin ni a ń rí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun là ń sìn."

Bàbá ní, "Àlùfáà, ẹ ò ṣe sọ fún wọn kí wọ́n di ojú?"

"Ọkùnrin kì í di ojú tó bá ń kírun, alága."

"Ẹ kúkú kọjú síbòmíràn."

"Ṣé gábàsì la máa ní kó ṣí lọ ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n fi dígí dúdú bò ó lójú. Ẹnì kan ní kí wọ́n yí i padà sí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo wọn ń jiyàn nípa obìnrin, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé obìnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ dé. Mo tẹ́ ẹní, mo sì dúró ní sàfù tó kángun sẹ́yìn. Bọ̀dá Sirajudeen pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, inú mọ́ṣáláṣí ti kún, ilẹ̀ gbalasa ló ti ráàyè.

Ìrun parí, a sálámà sí ọ̀tún, a sálámà sí òsì. Àwọn èèyàn ń dìde. Òun jókòó. Ó gbójú sí fẹ́ǹsì, kò gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó wọ bàtà. Mo rí i pé ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ti òsì, ó sì ń rìn lọ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi pè mí.

"Basit, o ti rí àwòrán tí wọ́n ní ó wà lára fẹ́ǹsì?"

"Mo rí i."

"Ṣé èmi ni?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

Ó ní, "Bọ̀dá rẹ ní èmi ni. Ó ní àpá mi wà níbẹ̀. Ó ń bi mí bóyá mo jókòó kí obìnrin ayàwòrán yẹn yà mí nígbà tí òun wà níbi iṣẹ́. Mo ní rárá. Basit, àwọn fọ́tò yẹn, ṣé o pa wọ́n rẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni.

Mo ní, "Mo ti pa wọ́n rẹ́."

"Wálàhí?"

"Wálàhí."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ìdààmú ló jẹ́ kó mí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtura ni. Ó ní, "Ó dáa. Wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí tí mo ní."

Mo lọ. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Àǹtí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ilé ìdáná, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí pé àwa mẹ́ta náà ni. Oúnjẹ tó gbé fún ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti tutù, kò fọwọ́ kàn án.

Bọ̀dá Sirajudeen kò gbóhùn sókè. "Basit, ṣé fọ́tò àǹtí rẹ kankan wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá, Bọ̀dá."

"O pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó mi orí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ruqoyah, o gbọ́. Kò sí fọ́tò. Báwo ni obìnrin yẹn ṣe mọ àpá rẹ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Mo rò pé irọ́ mi yóò bo èmi àti òun. Irọ́ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ Àǹtí mi nìkan. Tí kò bá sí fọ́tò, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó, a jẹ́ pé òun ló ń purọ́.

Àǹtí mi wò mí. Ó ń dúró kí n sọ nǹkan kan sí i. Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Bọ̀dá Sirajudeen ní, "Mi ò ní kọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí màá ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ gbọ́ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò rí ibi tí mo lè gbà tí ojú náà kì í wò mí. Ọ̀nà bọ́rẹ́dì, ọ̀nà omi, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo bá Treasure, mo ní kí ó jẹ́ kí a pa àpá yẹn rẹ́.

Ó ní, "Kí ló dé? Ìwọ lo fi síbẹ̀. Ṣé àǹtí ẹ bínú ni?"

"Rárá. Ó fẹ́ràn rẹ̀."

Irọ́ tún nìyẹn. Irọ́ mi ti pọ̀ débi pé mi ò rántí èyí tí mo pa fún ta mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ onílé pe gbogbo àdúgbò sí iwájú fẹ́ǹsì náà. Àwọn obìnrin wà lápá kan. Mo rí Àǹtí mi láàárín wọn nínú aṣọ dúdú. Mo dá a mọ̀ nítorí bó ṣe ń fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka rẹ̀ yòókù, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn.

Lèmọ́ọ̀mù sọ tirẹ̀. Bàbá Ṣóbándé sọ tirẹ̀. Ìyá Mùbárákà ní tí wọ́n bá pa á rẹ́, kí Lèmọ́ọ̀mù gbé àga wá kí ó máa lé àwọn tó ń tọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Lèmọ́ọ̀mù pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti ẹ̀yìn ní, "Ta ni obìnrin náà gan-an? Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá òrìṣà ni wọ́n gbé wá síbí."

Bàbá pe Treasure. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ẹsẹ̀ mi kọlu agolo ọ̀dà kan, ó dún gan-an, gbogbo ojú sì yí sí mi.

Treasure ní, "Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe òrìṣà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí ni tẹ́lẹ̀, ọmọ àdúgbò yín náà ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì yìí gba iyì níwájú rẹ̀." Ó nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Oore ló rò pé òun ń ṣe mí. "Basit ló fún mi ní fọ́tò rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ ni. Ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpá àgbọ̀n yẹn pàápàá, Basit ló yà á."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ìyá Mùbárákà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti rántí.

Bọ̀dá Sirajudeen kò wò mí. Ó kọjá láàárín àwọn èèyàn, ó lọ dúró níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ruqoyah, foríjì mí. O sọ òótọ́, mi ò gbà ẹ́ gbọ́."

Ó sọ ọ́ létí gbogbo àdúgbò. Bí ó ti jẹ́ pé ilé ló ti fẹ̀sùn kàn án, ìta ló ti tọrọ àforíjì.

Àǹtí mi dìde. Ó rìn dé iwájú fẹ́ǹsì. Ó gbójú sókè wo ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Basit, ta ló bo ojú mi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ni."

"Ta ló ṣí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

Treasure ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. "O ní ó gbà," ló wí. "Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Lèmọ́ọ̀mù ní, "Gbogbo wa la ti ń sọ̀rọ̀ lórí ojú olójú. Kí ẹni tó ni í sọ tirẹ̀."

Ìyá Mùbárákà ní, "Ruqoyah, ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Ó rẹwà."

Àǹtí mi ní, "Ó rẹwà, Ìyá Mùbárákà. Ẹ ò purọ́. Ká ní wọ́n bi mí ni, bóyá ǹ bá rò ó wò. Wọn ò bi mí. Kí ẹni tó gbé e wá gbé e kúrò."

Wọ́n fún mi ní ọ̀dà funfun. Mo gun àkàbà náà, kò sì sẹ́ni tó bá mi dì í mú. Mo kọ́kọ́ kun àgbọ̀n, níbi tí oṣù náà wà. Mo kun ẹ̀rín náà. Mo fi ẹyinjú méjèèjì ṣe ìkẹyìn, nítorí mi ò fẹ́ pa wọ́n rẹ́, àmọ́ bí mo ṣe ń pẹ́ ni wọ́n túbọ̀ ń wò mí láti ìtòsí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú fóònù jáde, mo sì pa fọ́tò tó kù rẹ́ níwájú wọn.

Treasure di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta. Tí mo bá pè é, kì í gbé e.

Ìjà fẹ́ǹsì kò sì parí. Àwọn kan ní àwòrán aláìlójú ń ba àwọn ọmọdé lẹ́rù. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù obìnrin ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òun ni. Bàbá Ṣóbándé ní iṣẹ́ àbọ̀ ni. Wọ́n ń kírun síhà rẹ̀ ní Jímọ́ọ̀, kò sì sí ẹni tó tún tọ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ní fóònù, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ pa ojú òun rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹyọ kan pamọ́ nítorí ìfẹ́. Mo fẹ́ràn Àǹtí mi. Ìfẹ́ náà ni mo fi jalè.

Ó ti dáríjì mí, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Mo lọ kí i lẹ́yìn náà. Ó se ìrẹsì fún mi, ó bi mí nípa JAMB, ó bá mi ṣàwàdà bí ó ti máa ń ṣe. Bọ̀dá Sirajudeen ti lọ kírun Alásárì. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kátìnnì wà ní fífà, kò sí àjèjì kankan. Ìbòjú dúdú náà ṣì wà lójú rẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé ni.

Mo ní, "Àǹtí mi, èmi nìkan ló wà níbí."

Ó ní, "Mo mọ̀," ó sì gbé omi sún mọ́ mi.